Ẹ̀bi Mọ́kànlá Lórúkọ Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹ ò tiẹ̀ rí orúnkún mi. Ara mi le, ara ọkọ mi náà le. Yàrá wa kò tóbi. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, èkejì á gorí ibùsùn jókòó. Fèrèsé wa kan ṣoṣo kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, ọkọ mi sì máa ń yin ògiri náà, ó ní ẹni tó mọ ọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Birikilà ò lè rí ògiri kó má sọ̀rọ̀. Ojú ṣì ń tì mí láti pè é lórúkọ. "Ẹ gbọ́ ná" ni mo ń pè é, òun náà sì ti ń pè mí ní Ẹ-gbọ́-ná.

Màámi, wọ́n ti gbé mi kúrò níbi tí mo ti ń to àwo sórí pẹpẹ. Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláwòójú, ní n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà etí mi á dára. Ló bá gbé mi sí tábìlì ẹ̀sùn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ wa tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e bọ̀: kẹ́tùrù tó ń jò, fáànù tó ń pariwo, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá wí, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, kí n sì fún wọn ní òmíràn. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ kìíní, ọkùnrin kan da omi kẹ́tùrù sórí tábìlì níwájú mi kí n lè rí ibi tó ti ń jò. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?" Mo rí i. Ó ní, "Sọ̀rọ̀ nígbà náà!" Mo kàn ń fi etí aṣọ mi nu omi náà. Aṣọ mi tutù títí a fi tilẹ̀kùn.

Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò, orí iṣẹ́ yìí sì ni ìwé ìgbélùú mi dúró lé. Bí wọ́n bá gbà mí, èmi àti ọkọ mi á jọ máa gbé ìhín. Bí wọn ò bá gbà mí, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n á fún mi kí n fi padà sílé, òun ò sì ní lè tẹ̀ lé mi, torí ọdún mẹ́rin ló fọwọ́ sí fún àwọn tó gbà á síṣẹ́. A ò tíì lo oṣù márùn-ún pọ̀, Màámi. Ẹ̀yin tí oníbàárà ti ń bínú sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kí lẹ máa ń sọ fún wọn?

Èmi ni ọmọ yín.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ dé, ó pẹ́ lọ́nà bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló kà á fún mi, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. Ọwọ́ mi bó díẹ̀, ọṣẹ tuntun tí wọ́n ń tà yìí le. Má ṣèyọnu.

Ẹ̀sùn tèmi ni màá kọ́kọ́ rò. Ìyá ọkọ rẹ ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Mo débẹ̀, kò gbé àga fún mi. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun, òun ò rí ìlà kan gbà. Ó ní, "Àbí bírò ò sí lọ́hùn-ún ni?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé èmi ni mo ní kí o kọ́kọ́ farabalẹ̀ kí o tó máa kọ̀wé. Èmi tí n kò sọ nǹkan tó jọ ọ́! Kíá lojú rẹ̀ rọ̀, àga jáde. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí i, kí n má tún lọ kúnlẹ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọge mọ́.

O bi mí nípa oníbàárà. Ọmọ mi, gbígbà ni. Gba ẹ̀bi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fọ aṣọ aláṣọ. Ẹnì kan á gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́tìnnì wá, bó bá wá gbà á padà, á figbe ta: "Ìyá, bọ́tìnnì mi dà?" Bí mo bá ní n kò rí i, ìjà dé. Bí mo bá ní "Ọwọ́ mi ló já a, ẹ fi jì mí," á ní, "Kò burú, ìyá," á sì tún gbé òmíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ́tìnnì tí mo ti jẹ̀bi rẹ̀ láyé yìí, bí a bá kó wọn jọ, wọ́n á kún agbọ̀n. Mi ò já ju márùn-ún lọ nínú wọn.

Ẹni tó bá láre ní gbogbo ìgbà, òun nìkan ni yóò jókòó ti àre rẹ̀. Nílé ọkọ náà, bákan náà ni. Kí ọkọ tó rí i pé nǹkan bàjẹ́, sọ pé ìwọ ni.

Télọ̀ ní kí n fi kún un pé òun ò fara mọ́ ọn. Ó ní bí òun bá ń gba ẹ̀bi gbogbo ṣòkòtò tó fún oníbàárà, òun á ti kógbá wọlé. Má dá a lóhùn. Ṣòkòtò rẹ̀ ń fún lóòótọ́. (Èmi télọ̀ ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí, tipátipá.)

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin

Màámi mi,

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ bá mi kí télọ̀, ẹ ní kó má bínú. Mo ti kọ̀wé sí ìyá ọkọ mi, ojú ìwé mẹ́rin, títí kan bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń hanrun.

Ẹ̀kọ́ yín ṣiṣẹ́! Obìnrin kan gbé páálí àwo mẹ́fà wá, mẹ́ta ti fọ́ nínú wọn. Ó ti múra ìjà wá, ó ti ká apá aṣọ sókè. Kó tó lanu mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ni n kò dì í dáadáa. Ẹ fi jì mí." Bẹ́ẹ̀ láti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe àwo yẹn ni wọ́n ti dì í, ọwọ́ mi ò kàn án rí. Ṣùgbọ́n ìjà tí obìnrin náà gbé wá kò ríbi sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó wò mí títí, ó ní, "Áà, ọmọdé mà ni." Ó tún fọwọ́ kàn mí léjìká.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bẹ̀rù mọ́. Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, èmi ni n kò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àga wó, èmi ni n kò yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Fáànù tí awakọ̀ wa jù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, èmi náà ni. Wọn kì í pẹ́ níwájú mi mọ́. Ẹ̀sùn tí ẹlòmíràn ń fi ìdajì wákàtí gbọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi ń parí rẹ̀. Wọn kì í tiẹ̀ sọ ọ́ tán kí n tó gbà á.

Ibì kan wà nínú ìwé ńlá náà tí wọ́n kọ "Ẹni tó fà á" sí. Orúkọ mi ni mò ń kọ síbẹ̀, kí ohun tí mo fẹnu sọ àti ohun tó wà nínú ìwé má baà yàtọ̀. Ìyá Aláwòójú máa ń kọjá, á wo ìwé náà, á mi orí. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn.

Nílé náà, mò ń gbà á. Ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sórí ibùsùn, mo ní èmi ni. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ-gbọ́-ná, ṣé ìwọ lo wà nínú apá mi ni?" A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n sọ bóyá wọ́n gbà mí. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọ yín tó ti gbọ́n.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ìkíni mi kò ní gùn lónìí.

Máníjà pè mí sí yàrá rẹ̀ lánàá. Ìyá Aláwòójú wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé ńlá náà kalẹ̀, wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sídìí orúkọ mi níbi gbogbo tó wà. Mọ́kànlá.

Máníjà ní, "Láàrin oṣù kan, o fọ́ àwo, o jẹ́ kí àga wó, o ju fáànù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kí lo lọ wá nínú ọkọ̀?"

Mo ní, "Mi ò dénú ọkọ̀ rí, sà."

"Ta ló wá ju fáànù?"

Awakọ̀ yẹn ló ń gbé mi délé bí òjò bá ń rọ̀, Màámi, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Mo ní, "Mo kàn gbà á ni, sà, kínú oníbàárà lè rọ̀."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bó o bá ṣe é, o ò mọṣẹ́. Bó ò bá ṣe é, irọ́ mọ́kànlá lo kọ sínú ìwé wa. Èwo ni ká mú?"

Mo wá èyí tí mo lè mú nínú méjèèjì, n kò rí. Mo bá ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, sà." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ìyá Aláwòójú fọwọ́ bojú.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí, wọ́n á sì sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ. Kí ni kí n sọ lọ́jọ́ náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Bí télọ̀ ò bá ráyè, ẹ mú ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé lójú títì.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi, ọmọ dáadáa,

Lẹ́tà rẹ tí ẹ̀rín kún inú rẹ̀ dé lónìí! Èyí tí o ti sọ̀rọ̀ obìnrin aláwo. Mo ní kí télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta ó ní ohùn òun ti há. Mo gbé e lọ fún ìyá ọkọ rẹ, òun náà gbé tirẹ̀ jáde, a jókòó bí ọmọ iléèwé. Ọ̀rọ̀ híhanrun yẹn dùn mọ́ ọn. Ó ní bàbá ọkọ rẹ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe, pé òun máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ni. Àga méjì ló gbé fún mi lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀.

Má jáwọ́ o. Gbà á, gbà á, gbà á. Àwọn tó ń jàre níbẹ̀ yẹn, wàá rí i, wọ́n á lọ, ìwọ á kù. Ọ̀gá rẹ tó ń mi orí yẹn ti mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni ọ́. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tún gba méjì sí i.

Télọ̀ ní kí n béèrè pé ta ló ń ka ìwé ńlá náà. Mo ní kí ló kàn án. Ó ní òun kàn béèrè ni.

Ìyá rẹ, tí inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ìfẹ́ mi. Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Mo sáré já a, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mò ń retí. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti ní kí n tún gba méjì sí i, mo pa á dé. Ẹ má bínú. Ẹ ò tíì mọ̀ ni.

Ọ̀túnla ni wọ́n máa jókòó. Nítorí pé n kò gbúròó yín, ọkọ mi ní ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nílé, ká wá àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó mú bàbá onílé wa dání, wọ́n lọ bá máníjà. Bàbá onílé ò mọ ìdí ọ̀rọ̀, àánú mi ṣáà ń ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọmọdé ni, sà. Ó ti ṣe é, kò ní ṣe é mọ́." Máníjà kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn pé àwọn ẹbí mi náà jẹ́rìí sí i pé mo ṣe é. Ọkọ mi dé, kò bọ́ aṣọ náà títí ó fi sùn.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ìyá Aláwòójú gbé àga wá sẹ́yìn mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Lónìí, má gba nǹkan kan. Má fèsì. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá sọ ni kó o kọ."

Bàbá kan gbé kẹ́tùrù wá, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Ayédèrú lẹ ń tà! Ayédèrú pátápátá!" Ọ̀rọ̀ yẹn ń yún mi lẹ́nu, "Èmi ni, èmi ni." Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn. Ó bú wa títí, ó sinmi. Mo ní, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, sà?" Ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ó wá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi apá rẹ̀ hàn mí. Ó ti bó, Màámi. Ó ní bí èèyàn bá gbé kẹ́tùrù náà sókè láti da omi, ọmọrí rẹ̀ á yọ, gbogbo omi gbígbóná á dà lé onítọ̀hún. Ó ní ojú ń ti òun láti sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní ọwọ́ àgbàlagbà ló ń gbọ̀n.

Ìyá Aláwòójú dìde, ó lọ yẹ ìyókù wò, ó kó gbogbo kẹ́tùrù irú rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Gbogbo wọn ló ní àrùn ọmọrí yẹn.

Mo wá rántí. Èèyàn mẹ́rin ti gbé irú kẹ́tùrù yẹn wá bá mi rí. N kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Mo ní èmi ni, mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní irú rẹ̀ gan-an gbé lọ sílé.

Mi ò rí oúnjẹ jẹ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ yín.

Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, èyí tó ní irọ́ mọ́kànlá nínú. Télọ̀ kà á débì kan, ó gbé e kalẹ̀, mo ní kó máa kà á lọ. Òní gan-an ni ọgbọ̀n ọjọ́. Bóyá wọ́n ti jókòó, bóyá wọ́n ti dìde. Mo dìde, mo tún jókòó, aṣọ tí mo kì bọ omi ṣì wà nínú omi.

N kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tèmi, ẹ̀bi tí mo bá gbà lówùúrọ̀, tó bá di ọ̀sán kò sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ta ló ń to ẹ̀bi jọ?

Mo ti ro ó. Mo ti rí ọ̀nà. Ìwé kékeré tó wà nínú èyí, máníjà rẹ ni mo kọ ọ́ sí. Télọ̀ fi ọwọ́ tó dára jù kọ ọ́. Kà á fún un ní èdè tó gbọ́:

"Sí Máníjà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni ìyá ọmọbìnrin tó jókòó sí tábìlì ẹ̀sùn yín. Gbogbo àwo yẹn, àti àga, àti fáànù, àti ìyókù tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, èmi ni mo fà á. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò pupa yẹn pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ tèmi sí i. Alágbàfọ̀ ni mí. Bí ẹ bá béèrè mi ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tí kò mọlé mi."

Ó ti tán. Fún un. Á rọ̀.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Màámi mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọkàn. Bóyá ni lẹ́tà yìí á ṣáájú mi dé. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni mò ń bọ̀. Wọn ò gbà mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó, máníjà bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní mọ́kànlá inú ìwé yẹn kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀kan tí kò sí nínú ìwé. Mo sọ ti àwọn mẹ́rin tí mo dá kẹ́tùrù padà fún. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wá wọn rí kí omi má baà bó wọn. Ìyẹn ni wọ́n gbọ́. Ìyá Aláwòójú ti rí mẹ́ta nínú wọn, ara wọn le. Ẹni kẹrin ti kó kúrò nílé tó wà, wọn ò mọ ibi tó lọ. Máníjà sì yí ìwé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn di méjìlá."

Ìwé kékeré yín dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé e lọ síbẹ̀ náà. Máníjà ò sí nílé iṣẹ́, mo bá kà á fún Ìyá Aláwòójú. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní, "Ṣé ìyá rẹ ti dé ìhín rí ni?" Mo ní rárá, mà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, "Lójoojúmọ́ ni mò ń rí orúkọ rẹ nínú ìwé yẹn. N kò bi ọ́ léèrè rí. Èmi tí mo ní kó o máa gbọ́." Mo bi í bóyá ohun kan wà tó lè ṣe. Ó ní ìwé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú. Ó tẹ̀ lé mi dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Ọkọ mi ti ń fọ aṣọ mi láti ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ló jẹ̀bi, òun ló mú mi wá. Bàbá onílé wọlé, ó ní òun ló jẹ̀bi, òun ló sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀bi pọ̀ nínú yàrá wa báyìí ju ẹrù lọ, Màámi, kò sì sí èyí tó lè dá mi dúró fún ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta ló kù fún un níbi iṣẹ́ rẹ̀. Lánàá, mo pè é lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣáà ń fún aṣọ.

Ẹ má sọ fún ìyá ọkọ mi. Èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún un.

Bí mo bá dé, ẹ má dúró sójú títì pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nínú ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, mi ò sì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo lè pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, bí mo bá ń sọ ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọ yín.